Réseau Tí À Ń San Owó Rẹ̀: Ẹ Jẹ́ Ká Yẹ Ilé Wò Ká Tó Pe Ẹjọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń fi ẹ̀rín gbà kọjá ní ìpàdé. Bí ẹnì kan bá ti ní "réseau ò sí", gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní "bó ṣe máa ń rí nìyẹn", ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Lónìí, kò sí ẹ̀rín nínú rẹ̀. Owó wa ló ń lọ, ẹ̀tọ́ wa sì ń bá a lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀, ó sì lè má dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Apá méjì ni àìsàn íntánẹ́ẹ̀tì ilé pín sí. Apá kan wà nínú ilé, ọwọ́ onílé ló wà, ọ̀pọ̀ onílé kò sì tọ́jú rẹ̀. Apá kejì wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ta réseau, ilé-iṣẹ́ náà kò sì tọ́jú tirẹ̀ bó ṣe yẹ. Nítorí pé a kò mọ ibi tí apá kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, oníbàárà á di gbogbo ẹ̀bi ru ilé-iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ á di gbogbo rẹ̀ padà ru oníbàárà, kò wá sẹ́ni tó ń ṣe nǹkan kan. Ẹni tí kò mọ ààlà oko rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ bá aládùúgbò ṣe ẹjọ́ ilẹ̀? Ẹjọ́ náà á dá a lẹ́bi kó tó jókòó.

KÌ Í ṢE ERÉ ỌMỌDÉ

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn àgbà wa á ní, "Ọ̀rọ̀ Facebook àti fídíò àwọn ọmọ nìyẹn, kí ló kan àwa?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n bi yín. Ìwé ọjọ́ ìbí tuntun tí ANIP ń ṣe, níbo la ti ń béèrè fún un? Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Casier judiciaire tí wọ́n ń bi ọmọ yín fún kó tó rí iṣẹ́ ńkọ́? Orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ni. Ọmọ tó bá yege bac, tó fẹ́ yan yunifásítì tó máa lọ, orí apresmonbac.bj ló ti máa yàn án, ó sì ní ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ń tì. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ẹ̀yin olóyè ń dá lẹ́jọ́ láti ayébáyé, ANDF ti ń gbé cadastre sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó tí ọmọ ń fi ránṣẹ́ láti Cotonou, ìyàwó rẹ̀ tó ń ta ọjà ní Pobè, gbogbo rẹ̀ ń gba inú fóònù kọjá.

Ṣé ẹ rí i? Ìjọba ti ń kó ọ́fíìsì rẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì ní kó o padà. Ẹni tí réseau rẹ̀ kú lọ́jọ́ tó nílò ìwé, bí ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mairie mọ́ ọn lójú ni. Ará Cotonou tí ti tirẹ̀ kú á rìn dé àdúgbò kejì. Ará Idigny, ará Adakplamé, ará Kpankou, sẹ́mì ló máa gùn, á san owó ọ̀nà, á pàdánù ọjọ́ oko kan. Iṣẹ́ ìlú ni ọ̀rọ̀ yìí, bí ọ̀rọ̀ kànga àti ọ̀rọ̀ títì.

ẸJỌ́ TI INÚ ILÉ

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí á tó ké mọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ ká mọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ ń gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ọ̀nà kìíní jẹ́ láti fóònù yín dé àpótí kékeré tó ń tan iná, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní routeur. Ọ̀nà yẹn ló ń jẹ́ Wi-Fi. Ọ̀nà kejì jẹ́ láti routeur dé òpó ilé-iṣẹ́, tàbí dé okùn fíbà níbi tí fíbà bá dé, láti ibẹ̀ lọ sí Cotonou, láti Cotonou gba abẹ́ òkun lọ sí gbogbo ayé. Àmì tó dà bí abẹ̀bẹ̀ lójú fóònù, ọ̀nà kìíní nìkan ló ń sọ. Ó lè kún bámúbámú kí ọ̀nà kejì ti kú pátápátá. Ẹni tó ń wo abẹ̀bẹ̀ yẹn tó ń pariwo pé "réseau kún, kò kàn lọ ni", ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ló ń wò, kò tíì wo títì.

Nítorí náà, ìbéèrè márùn-ún ló yẹ kí onílé bi ara rẹ̀, ní títẹ̀léra, láìfo ọ̀kan.

Ìkíní: ṣé iná ń dé inú routeur bó ṣe yẹ? Nígbà tí iná SBEE bá lọ tó tún padà dé lójijì, agbára tó bá a wá lè ba ṣájà routeur jẹ́. Ṣájà tó ti ń kú lọ á ṣì máa tan iná kékeré yẹn, ṣùgbọ́n routeur á máa kú, á máa jí. Ẹ wo nọ́ńbà volt tó wà lára ṣájà, kó bá èyí tó wà lára routeur mu. Bó bá jẹ́ 12V, kó jẹ́ 12V. Ẹ má kàn mú ṣájà tí ẹnu rẹ̀ bá ṣáà ti wọ̀ ọ́. Bí iná bá sì lọ, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri títí tí iná á fi padà tó sì dúró.

Ìkejì: ṣé forfait kò tíì tán? Bí routeur yín bá ń lo SIM, gbogbo iná ara rẹ̀ lè wà ní títàn bó ṣe yẹ kí forfait sì ti tán. Fóònù kan ṣoṣo tó ń fi fídíò hàn láti àárọ̀ dalẹ́, tàbí tó ń tún àwọn àpù rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀ lóru, lè jẹ forfait gbogbo ilé tán láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹ lọ sínú fóònù, ẹ dá àtúnṣe tó ń ṣe fúnra rẹ̀ yẹn dúró.

Ìkẹta: ibo ni routeur jókòó sí? Mo ti rí i lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, nínú àpótí irin, lórí fìríìjì, nílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Irin àti páànù máa ń dá a padà, ògiri alámọ̀ tó nípọn máa ń fà á mu, ooru sì ń rẹ̀ ẹ́. Ibi gíga ni kí ó wà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Bó bá jẹ́ ti SIM, kó wà lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí òpó. Ọ̀pọ̀ routeur tuntun ń pe orúkọ méjì, ọ̀kan 2,4 GHz, ìkejì 5 GHz. Ti 2,4 ń lọ jìnnà, ó sì ń gba inú ògiri kọjá dáadáa ju èkejì lọ. Ti 5 yára, ṣùgbọ́n ògiri kan péré lè dá a dúró. Ẹni tó wà nínú yàrá kejì tó so mọ́ 5, kó lọ so mọ́ 2,4 kó tó bú ẹnikẹ́ni.

Ìkẹrin: ṣé Wi-Fi ló ń ṣàìsàn ni, àbí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀? Ìdánwò tó ń yanjú ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn nìyí, kò sì gbówó lórí. Ẹ wá okùn réseau kan, ẹ ki orí kan sẹ́yìn routeur, ẹ ki èkejì sára kọ̀ǹpútà. Bó bá yára lórí okùn tó sì falẹ̀ lórí Wi-Fi, inú ilé yín ni àìsàn wà, ẹ padà sí ìbéèrè kẹta. Bó bá falẹ̀ lórí okùn náà, tí ẹ sì ti dáhùn ìbéèrè tó kù, àìsàn ti jáde kúrò nílé yín. Ó sì lè ṣẹlẹ̀ pé WhatsApp ń lọ ṣùgbọ́n ojú-ewé kankan ò ṣí. Nígbà yẹn, ó lè jẹ́ ìwé orúkọ ló sọnù: íntánẹ́ẹ̀tì ní ohun kan tó ń wá nọ́ńbà ibi tí à ń lọ fún wa, DNS ni wọ́n ń pè é, bí ìwé tí a kọ nọ́ńbà fóònù sí. Kí ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n wọ inú routeur, kó fi 8.8.8.8 ti Google tàbí 1.1.1.1 ti Cloudflare síbẹ̀, kó wò ó bóyá á ṣí.

Ìkarùn-ún: ta ló wà lórí rẹ̀? Ìbéèrè yìí ló mú mi dé ẹnu ibodè.

ẸNU IBODÈ

Ọmọ Kétu ni wá. Kò sí ẹni tó máa kọ́ wa ní ohun tí ibodè ń ṣe. Akaba Idena ṣì wà lójú wa lónìí, gbogbo ayé ló ń wá wò ó. Àwọn baba wa kò kàn gbẹ́ yàrà yí ìlú ká kí wọ́n fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n ṣe ilẹ̀kùn, wọ́n yan ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Àwa ọmọ wọn wá gbé routeur wálé, tí í ṣe ibodè ilé, ọ̀pọ̀ ilé sì fi code tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Code kan náà ló wà lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀. Admin, admin. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Ní ọdún 2016, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan kó àìmọye kámẹ́rà àti àwọn àpótí bí routeur jọ láti òkèèrè, àwọn tí olówó wọn kò yí code wọn padà, ó fi wọ́n kọlu réseau Lonestar MTN ní Làìbéríà, nínú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí. Ẹni tó ní kámẹ́rà kò mọ̀, ẹni tó ní àpótí kò mọ̀, ará Làìbéríà kò sì rí íntánẹ́ẹ̀tì lò bó ṣe yẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ ní London rán ọkùnrin náà lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ. Ilẹ̀kùn tí onílé kò tì, ogun gba ibẹ̀ lọ bá ará ibòmíràn.

Nítorí náà, ẹ yí code méjèèjì padà: code Wi-Fi tí àlejò ń béèrè, àti code tí a fi ń wọ inú routeur fúnra rẹ̀. Ẹ yan WPA2 tàbí WPA3. Ẹ ka iye fóònù tó so mọ́ ọn. Bí ẹ bá jẹ́ márùn-ún nílé tí fóònù tó so mọ́ ọn jẹ́ mọ́kànlá, ẹ ti mọ ibi tí forfait yín ń lọ.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní fún àwọn ìyá àti bàbá wa tó ń gbé fóònù lọ fún ọmọkùnrin ẹ̀gbẹ́ títì pé kó "tún réseau ṣe". Ẹni tó ń tún réseau ṣe kò nílò code MoMo yín. Bó bá béèrè, ẹ gba fóònù yín lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ máa lọ.

"Ẹ PA Á, KÍ Ẹ TÚN UN TÀN"

Bí ẹ bá pe ilé-iṣẹ́ réseau, gbólóhùn tó ń kọ́kọ́ jáde nìyẹn. Kì í ṣe irọ́. Routeur dà bí ènìyàn tó ti ń ka ìṣirò láti àárọ̀, orí rẹ̀ á kún. Bí ẹ bá pa á, tí ẹ kà dé 30, tí ẹ tún un tàn, orí rẹ̀ á fúyẹ́, á tún wá òpó rẹ̀ lákọ̀tun. Ṣùgbọ́n ihò kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o! Ìyẹn kò pa á kó tún un tàn, ńṣe ló ń pa gbogbo ìrántí rẹ̀ rẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní kẹ́ ẹ wá san owó kí wọ́n tó bá yín tún un tò.

Ibi tí mo ti ń bá wọn jà ni pé gbólóhùn yẹn ti di ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè. Oògùn tí à ń lò lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ kì í ṣe oògùn mọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 2019, ọjọ́ ìdìbò àwọn aṣòfin, íntánẹ́ẹ̀tì kú jákèjádò Benin. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan, Benin sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó jìyà rẹ̀. Ní ọjọ́ méjèèjì yìí, ẹni tó ń pa routeur tó ń tún un tàn, omi ló ń dà sínú ajere. Bí gbogbo àdúgbò bá kú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò tó ń lo ilé-iṣẹ́ mìíràn kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

ẸJỌ́ TIWỌN

Ó dáa. Onílé ti dáhùn ìbéèrè márùn-ún. Ó ti gbé routeur sókè, ó ti yí code, ó ti fi okùn dán an wò. Síbẹ̀, ní aago mẹ́jọ alẹ́, ojú-ewé kan ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó ṣí. Ní aago márùn-ún ìdájí, ojú-ewé kan náà ṣí wàrà. Ẹ gbọ́ o: ògiri yín kò yí padà láti alẹ́ di ìdájí. Routeur yín kò yí padà. Ohun tó yí padà ni iye ènìyàn tó wà lórí òpó. Gbogbo àdúgbò ló ń pín agbára òpó kan, bí ilé mẹ́wàá tó ń fa omi lójú ẹ̀rọ kan. Ẹni tó ta omi fún ilé ogójì lójú ẹ̀rọ tí kò tó ogún, òun ló jẹ̀bi, kì í ṣe korobá yín.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń fi bojú. "Jusqu'à." Ẹ wo ìpolówó wọn dáadáa: jusqu'à báyìí megabit. Jusqu'à túmọ̀ sí pé kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sọ iye tí kò gbọ́dọ̀ kéré sí. Bí alágbàdo bá tà fún yín "tó fi dé àpò mẹ́wàá", tó gbé àpò méjì wá, ṣé ẹ ó san owó mẹ́wàá? Ẹ tún wo megabit náà: megabit mẹ́jọ ló jẹ́ megabyte kan. Ẹni tó ra megabit 8 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, megabyte kan ló rà. Fáìlì 60 megabyte yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ ní bí ìṣẹ́jú kan. Bó bá gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ti mọ iye tí wọ́n jẹ yín.

Ẹ̀yin tó wà lápá ààlà, lọ́nà Ìlárá, ẹ̀yin ní ìyà tiyín lọ́tọ̀. Òpó Nàìjíríà lè lágbára ju ti Benin lọ níbẹ̀, kí routeur tàbí fóònù sì yà síbẹ̀ láìsọ fún yín. Réseau á wà lójú, nǹkan kan ò ní lọ, tàbí kí owó máa lọ bí omi. Ẹ pa roaming, kí ẹ sì fi ọwọ́ yan orúkọ ilé-iṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Àwọn òyìnbó ló fa ààlà yẹn ní 1889 láìbi wá. Ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó lọ́wọ́ ará ààlà, kó gbé òpó dé ààlà.

OHÙN KAN LÓ Ń MÚ ESE JÁDE

Àwọn kan á ní, "Ta ló máa gbọ́ tiwa?" Ẹ rántí ọdún 2018. Ìjọba gbé òfin jáde ní oṣù keje pé ẹni tó bá lo WhatsApp, Facebook àti irú wọn á máa san 5 franc lórí megabyte kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: 1000 megabyte, 5000 franc, yàtọ̀ sí owó forfait. Àwọn ọ̀dọ́ Benin dìde, wọ́n ń kọ #TaxePasMesMo káàkiri. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, ìjọba ti fagi lé e. Kí ló ṣe é? Wọn kò kàn ní "nǹkan ò dáa". Wọ́n ní nọ́ńbà lọ́wọ́. Wọ́n fi han iye tí ará ìlú máa san, gbogbo wọn sì sọ ohun kan náà.

Ohun tó kù fún wa nìyẹn: nọ́ńbà àti ohùn kan. Òfin wà lẹ́yìn wa. Code du numérique, Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018, mọ oníbàárà, ó sì fún ARCEP láṣẹ lórí àwọn ilé-iṣẹ́ réseau. Ṣùgbọ́n ARCEP kò lè fi "réseau ò dáa ní Kétu" dá ẹjọ́. Ìwé ni wọ́n ń kà. Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ àti àwọn olóyè nìyí:

1. Kí chef quartier kọ̀ọ̀kan ra ìwé kan. Kí ilé mẹ́wàá ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan dán réseau wọn wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ìdájí, ọ̀sán, alẹ́, fún ọjọ́ méje. Kí wọ́n jókòó ti routeur, kí fóònù yòókù wà ní pípa, kí wọ́n kọ ọjọ́, wákàtí, orúkọ ilé-iṣẹ́ àti iye megabit tó jáde. Ilé kan á ní àkọsílẹ̀ 21. Ilé mẹ́wàá á ní 210. Ilé-iṣẹ́ wo ló máa sọ fún 210 pé kó lọ pa routeur kó tún un tàn?

2. Kí ẹgbẹ́ yan ọ̀dọ́ méjì ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin kan, obìnrin kan, kí a kọ́ wọn ní ìbéèrè márùn-ún tí mo kọ sókè yìí. Kí wọ́n máa wọ ilé àwọn àgbà láìgba owó, kí gbogbo ìlú sì mọ ojú wọn, kí gbájú-ẹ̀ má bàa fi orúkọ wọn wọlé.

3. Kí àwọn olóyè fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo, kí a fi àkọsílẹ̀ lé e lẹ́yìn, kó lọ sí ilé-iṣẹ́, kí ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí mairie Kétou, kí ẹ̀dà mìíràn lọ sí ARCEP. Kí á gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n gbà á, kí á sì ka ọjọ́.

4. Kí ilé-iṣẹ́ máa dá wa lóhùn ní èdè wa. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń polówó ọjà ní Yorùbá. Kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀sùn ní Yorùbá.

5. Kí olóyè tàbí onílẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ bá wá bá fún ilẹ̀ tí wọ́n máa ri òpó sí bi wọ́n, kó tó fọwọ́ síwèé: ilé mélòó ni òpó yìí lè gbé ní aago mẹ́jọ alẹ́? Kí ìdáhùn wà nínú ìwé. Owó ilẹ̀ ń lọ sápò ẹnì kan, réseau jẹ́ ti gbogbo ìlú.

ÀWỌN TÓ NÍ STARLINK LÁ YANJÚ RẸ̀

Mo ń gbọ́ ọ káàkiri. Starlink ti wà ní Benin láti oṣù kọkànlá 2023, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí òpó kò dé. Mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àwo Starlink ń wo ojú ọ̀run gbangba, igi ìrókò tó bò ó á dí i. Iná ló ń lò, bí SBEE bá lọ, ó lọ. Inú ilé, routeur náà ló máa bá ògiri alámọ̀ kan náà jà, code tí a kò yí padà á sì ṣí ilẹ̀kùn fún olè bákan náà. Owó àwo náà kì í ṣe owó aláàrù ọjà Kétou. Ẹni tó lágbára rẹ̀, kó rà á, kí Ọlọ́run fún un lówó sí i. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ẹni tó lágbára bá sá lọ sórí òrùlé tirẹ̀, ta ló máa kù sílẹ̀ tó máa gbé ìwé lọ sí Cotonou fún ìyá arúgbó tó ń dúró de ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ-ọmọ rẹ̀? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ látinú ilé yín lálẹ́ òní, ẹ gbé routeur kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ yí code. Ẹ̀yin chef quartier, ẹ ra ìwé yẹn ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ẹ̀yin olóyè wa, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀, ẹ pe ìpàdé náà. Ẹni tó bá sì wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa láti mairie títí dé ilé aṣòfin, ẹ bi í pé: àkọsílẹ̀ Kétu ti dé ARCEP, kí lo ti ṣe sí i?

Tí a bá ti san owó, ọjà la fẹ́. Kétu á dára o.